Kí ló dé tí wọ́n fi ń sunkún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìjà? Ìdáhùn sí ìbéèrè kan láti Edmonton

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Edmonton ní Kánádà ni mo wà, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá òyìnbó kan wà lọ́dọ̀ wa tó lẹ àwòrán eléré họ́kì mọ́ ògiri lókè ibùsùn rẹ̀. Mo rò pé Gretzky tí gbogbo wọn ń pariwo ni, àfi ìgbà tí mo bi í tó ní Dave Semenko ni, pé ìjà ni iṣẹ́ ẹni náà, ni omi bá lé ròrò sí i lójú. Kí ló dé tí àgbàlagbà á máa sunkún nítorí jàgídíjàgan? Kí ló dé tí rẹfirí fi ń wò wọ́n níran tí wọ́n bá ń lura wọn? Ṣé òótọ́ ni pé ọmọ Yorùbá wà nínú wọn? Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ń yọ mí lẹ́nu pé òun fẹ́ gbá họ́kì, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Ìdáhùn: Ẹ kú òtútù, ìyá wa, ẹ sì kú ìtọ́jú àwọn àgbà. Ìbéèrè yín pọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ń fa ọ̀rọ̀ ni màá ṣe dáhùn wọn, ẹ má bínú tí n kò bá tẹ̀lé bí ẹ ṣe tò wọ́n.

Ọmọ Winnipeg ni Semenko, ìgìrìpá ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Eré 575 ló gbá nínú NHL, tí í ṣe líìgì tó ga jù lọ fún họ́kì orí yìnyín, góòlù 65 péré ló sì jẹ. Gretzky, ní sáà 1981 sí 1982 nìkan, góòlù 92 ló jẹ. Ṣùgbọ́n ìṣirò mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní ìṣẹ́jú ìyà, ìyẹn àkókò tí eléré fi jókòó sínú àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀. Ti Semenko jẹ́ 1,175. Ọgọ́ta ìṣẹ́jú ni eré kan. Tí ẹ bá pín in, ẹ ó rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogún eré odindi tí ọkùnrin náà fi jókòó tó ń wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Gretzky rí tẹ́ẹ́rẹ́, eré yìí kò sì ṣàánú ẹni tẹ́ẹ́rẹ́. Òfin gbà pé kí wọ́n fi èjìká kọlu ẹni tí pọ́ọ̀kì, ìyẹn róbà dúdú pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá, wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì gbá a mọ́ pákó tó yí pápá ká. Ohun tí òfin kò gbà ni kí wọ́n gbé ìgúnpá sí i lẹ́nu tàbí kí wọ́n fi ọ̀pá gbá a lọ́rùn ọwọ́, àmọ́ rẹfirí kì í rí gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Oilers, ikọ̀ Edmonton, fi ń fi Semenko sítòsí Gretzky kó máa ṣe ẹ̀ṣọ́ fún un. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ọmọ yìí máa rí bàbá rẹ̀. Ajá tó bá rẹ́ni tì í lẹ́yìn, yóò pa ọ̀bọ: Oilers gba ife-ẹ̀yẹ Stanley, ìyẹn ife tí àwọn ikọ̀ NHL ń dù, ní 1984 àti 1985, Semenko sì wà nínú wọn. Gretzky fúnra rẹ̀ mọ oore. Nígbà tí wọ́n fún un ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní 1983 pé òun ló ta yọ jù nínú eré àwọn ìràwọ̀ NHL, Semenko ló kó kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà fún.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa nìyí. Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ni iṣẹ́ ọkùnrin yẹn. Ìwé ìṣirò ní àyè fún góòlù, ó ní àyè fún ẹni tó fi pọ́ọ̀kì ránṣẹ́ sí ẹni tó jẹ ẹ́, ó tiẹ̀ ní àyè fún ìṣẹ́jú ìyà. Kò ní àyè fún eegun tí ẹnikẹ́ni kò ṣẹ́, tàbí ìgúnpá tí alátakò ti gbé sókè tó tún rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nígbà tó rí ẹni tó ń bọ̀. Tí àwọn tó jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà kò bá rántí rẹ̀, ó ti parẹ́ nìyẹn. Gretzky kò nílò ìrántí bàbá yín. Ère rẹ̀ wà níta Rogers Place, orúkọ rẹ̀ sì kún inú ìwé. Ọwọ́ irú bàbá yẹn ni ti Semenko wà.

Ẹ̀yin náà kúkú mọ ọdún eégún. Eégún ni gbogbo ayé jáde wá wò, òun ló ń jó, òun ló ń pidán. Ṣùgbọ́n atọ́kùn tó mú pàṣán dání ló ń jẹ́ kí àyè wà fún ijó náà, ọmọ àdúgbò tó bá sì ti jẹ pàṣán rẹ̀ rí kì í gbàgbé orúkọ rẹ̀ títí tí irun á fi funfun.

Àrùn jẹjẹrẹ ló pa Semenko ní oṣù kẹfà ọdún 2017, kò tíì pé ọgọ́ta ọdún. Bí ẹ bá fẹ́ kí ojú bàbá náà tún mọ́lẹ̀, ẹ bi í nípa ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1983. Lọ́jọ́ náà, nínú gbọ̀ngàn kan náà tí Oilers ti ń gbá họ́kì, Semenko wọ ìbọ̀wọ́ ẹ̀ṣẹ́, ó sì bá Muhammad Ali ja ipele mẹ́ta. Ìjà àṣefihàn ni, Ali ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, ọ̀mì ni wọ́n sì pè é. Síbẹ̀, ẹ wo irú ìlú tó jẹ́ pé nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò dúró níwájú Ali, eléré họ́kì lorúkọ rẹ̀ kọ́kọ́ wá sí wọn lẹ́nu.

Ti rẹfirí wá ńkọ́? Òfin ló ní kó rí bẹ́ẹ̀. Láti 1922 ni NHL ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tó bá ja ẹ̀ṣẹ́, ìṣẹ́jú márùn-ún ni kó lọ jókòó, kí ó sì padà wá máa gbá eré rẹ̀ lọ. Àwọn méjèèjì tó jà ló sábà máa ń wọ àpótí pọ̀, nítorí náà ikọ̀ méjèèjì ṣì pé. Ní Olympics, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá jà níbẹ̀, eré ti parí fún un nìyẹn. Ẹ ó wá rí i pé àwọn ọkùnrin kan náà tó ń lura wọn ní NHL máa ń ṣe bí ọmọlúàbí tí wọ́n bá dé Olympics. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe.

Ìjà náà ní ìlànà tí ẹni tó ń wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́ kò ní rí. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló sábà máa ń ṣíwájú. Ọ̀kan á bi èkejì bóyá ó fẹ́, èkejì á mi orí. Wọ́n á ju ọ̀pá sílẹ̀, wọ́n á gbọn ìbọ̀wọ́ dànù, torí àbùkù ni kí ènìyàn fi ìbọ̀wọ́ họ́kì tó nípọn bẹ́ẹ̀ jà. Ìgbà yẹn ni ohun tó ṣòro jù wá kàn, ìyẹn ìdúró. Bàtà onírin tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n wọ̀ lórí yìnyín. Ẹni tó bá fi gbogbo agbára ju ẹ̀ṣẹ́ láìsí ohun tó dì mú, òun fúnra rẹ̀ ni yóò yí dànù. Nítorí náà, ọwọ́ kan á kọ́kọ́ wá aṣọ alátakò, á di í mú gírígírí níbi èjìká tàbí ìgúnpá, láti fi dúró àti láti fi de ọwọ́ tí alátakò fi ń jà. Ẹni tó bá mọ aṣọ dì mú ló máa ń borí, bí ẹ̀ṣẹ́ ti ẹnì kejì tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Rob Ray, tó wà pẹ̀lú Buffalo Sabres, ronú sí ọ̀rọ̀ aṣọ yìí ju gbogbo wọn lọ. Ó ń jẹ́ kí aṣọ bọ́ kúrò lọ́rùn òun bí ìjà bá ti ń bẹ̀rẹ̀. Alátakò á wá di aṣọ òfìfo mú, Ray tó ti wà ní ìhòòhò láti ìbàdí sókè á sì máa gbá a ní ẹ̀ṣẹ́ bó ṣe wù ú. NHL ní láti ṣòfin pé kí oníkálùkù fi okùn so ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, pé ẹni tí tirẹ̀ bá bọ́ nínú ìjà nítorí pé kò so ó, kí wọ́n lé e jáde. Òfin Rob Ray ni wọ́n ń pè é títí dòní. Ní gbogbo àkókò yìí, àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹfirí dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ń dúró kí ọ̀kan ṣubú, tàbí kí ó rẹ àwọn méjèèjì, torí ẹni tó bá ti kánjú wọ àárín lè jẹ ẹ̀ṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Kì í pẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ lè rí i tí wọ́n gbá ara wọn léjìká pé o káre. Ìgbà kan wà tí wọ́n fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí Georges Laraque lára nínú eré, ni gbogbo ayé bá gbọ́ ọ tó ń fẹ́ oríire fún ẹni tó fẹ́ lù, kí wọ́n tó ju ìbọ̀wọ́ sílẹ̀.

Ọwọ́ wọn ló ń san gbèsè náà. Joe Kocur, tó ń jà fún Detroit Red Wings, gbá ẹnì kan lẹ́nu nínú líìgì kékeré ní ọdún 1985, eyín ẹni náà ya ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, egbò náà kẹ̀ débi pé díẹ̀ ló kù kí ó pàdánù apá. Ọwọ́ kan náà ló tún fi jà fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà.

Ẹnìkejì Kocur ní Detroit ni Bob Probert. Tí ẹ bá bá ará Detroit tó ti lé ní ogójì ọdún pàdé, ẹ kàn dárúkọ Probert, kí ẹ sì jókòó. Probert mọ eré gbá pẹ̀lú: ní sáà 1987 sí 1988, ó jẹ góòlù 29, ó sì fi ìṣẹ́jú 398 jókòó ìyà, wọ́n tún mú un lọ sí eré àwọn ìràwọ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1992, ọkùnrin kúkúrú kan tó ń jẹ́ Tie Domi, tó wà pẹ̀lú New York Rangers nígbà náà, bá a jà, ó dá egbò sí i lójú, ó sì fi ọwọ́ yí ìbàdí ara rẹ̀ ká bí ẹni tó gba bẹ́líìtì ẹ̀ṣẹ́. Gbogbo èrò ka ọjọ́ títí ọjọ́ 2 oṣù kejìlá ọdún náà tí wọ́n tún pàdé ní New York. Ìjà náà kò gbà wọ́n lásìkò kankan kí wọ́n tó wọ̀ ọ́, Probert sì lù ú. Ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ jù nípa ọjọ́ náà kò wá láti ọwọ́ àwọn méjèèjì. Steve Yzerman ni, balógun ikọ̀ Detroit, ọmọ pẹ̀lẹ́tù tí kì í ṣe àṣejù: láti orí bẹ́ǹṣì ló ti yọ ọwọ́, tó fi yí ìbàdí tirẹ̀ náà ká. Ẹ rí i bí ẹni tí kì í jà ṣe ń fi ọkàn bá ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ jà.

Iṣẹ́ yìí ti pẹ́. John Ferguson ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà tìtorí rẹ̀. Montreal mú un wọlé ní 1963 kó máa dáàbò bo Jean Béliveau, ìràwọ̀ wọn, kò sì tíì ju ìṣẹ́jú àáyá méjìlá lọ nínú eré rẹ̀ àkọ́kọ́ tó fi jà. Ó tún jẹ góòlù méjì lọ́jọ́ kan náà. Philadelphia Flyers wá sọ ọ́ di ti gbogbo ikọ̀, wọ́n sì fi gba ife-ẹ̀yẹ ní 1974 àti 1975. Dave Schultz wọn gba ìṣẹ́jú ìyà 472 ní sáà kan ṣoṣo, ẹnikẹ́ni kò tíì kọjá ibẹ̀. Ti Dave Williams tí wọ́n ń pè ní Tiger fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4,000 ní gbogbo ọjọ́ ayé eré rẹ̀, òun náà ló ṣì wà lókè.

Ẹ má da ẹ̀ṣọ́ pọ̀ mọ́ oníjàngbọ̀n o, bàbá yín lè má dárí jì yín. Ẹ̀ṣọ́ ń jà. Oníjàngbọ̀n ń jẹ́ kí ìjà wu ẹlòmíràn, òun á sì yẹra. Á fi ọ̀pá gún ọ lẹ́yìn orúnkún, á bú ìyá rẹ, tí o bá wá yíjú padà láti fọ́ ọ létí, ìgbà yẹn gan-an ni rẹfirí ń wò. Ìwọ lo wọ àpótí fún ìṣẹ́jú méjì, ikọ̀ rẹ ku ẹni mẹ́rin sí márùn-ún, òun ń rẹ́rìn-ín. Góòlù tó bá ti ibẹ̀ wá, orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n kọ sí i. Esa Tikkanen, ọmọ Finland, ṣe iṣẹ́ yìí ní Edmonton níbẹ̀; ó ń da èdè Finland pọ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó fi jẹ́ pé alátakò kò mọ ohun tó ń sọ, ìyẹn nìkan ti tó í bínú sí. Nígbà tí wọ́n ta Gretzky sí Los Angeles Kings ní oṣù kẹjọ ọdún 1988, Tikkanen tó jẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lánàá ni wọ́n yàn kó máa lẹ̀ mọ́ ọn lára bí ikọ̀ méjèèjì bá pàdé. Sean Avery ti Rangers gbé tirẹ̀ dé ibi tí ẹnì kankan kò ronú kàn: ní oṣù kẹrin ọdún 2008, ó kẹ̀yìn sí pọ́ọ̀kì, ó kọjú sí Martin Brodeur tó ń ṣọ́ ilé, ó sì ń ju ọ̀pá àti ọwọ́ fìrìfìrì níwájú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ni NHL ti kéde pé ìyẹn di ẹ̀ṣẹ̀. Brad Marchand ti Boston fi ahọ́n lá ojú alátakò ní 2018. Lá, ẹ kà á dáadáa.

Ìyàtọ̀ wà nínú bí wọ́n ṣe ń rántí wọn. Ẹ̀ṣọ́ rere, ọ̀tá pàápàá á yọ fìlà fún un. Oníjàngbọ̀n, ìlú tó bá wọ aṣọ rẹ̀ nìkan ló ní. Claude Lemieux ni àpẹẹrẹ rẹ̀ tó ga jù lójú mi: ó gba ife-ẹ̀yẹ Stanley ní ẹ̀ẹ̀mẹrin pẹ̀lú ikọ̀ mẹ́ta, wọ́n tiẹ̀ yàn án ní eléré tó dára jù nínú ìdíje ife náà ní 1995, ṣùgbọ́n ẹ lọ dárúkọ rẹ̀ ní Detroit kí ẹ wò. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1996, nígbà tó wà ní Colorado Avalanche, ó ti ẹ̀yìn gbá Kris Draper ti Detroit mọ́ pákó. Àgbọ̀n Draper fọ́, imú fọ́, eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ fọ́. Eré méjì ni NHL fi dá Lemieux dúró. Ọ̀ràn náà jẹ Detroit lára ju ti eegun tó fọ́ lọ, torí pé Colorado lọ gba ife náà.

Wọ́n dúró. Ọjọ́ 26 oṣù kẹta ọdún 1997, Colorado wá sí Detroit. Àwọn méjì mìíràn ló kọ́kọ́ gbá ara wọn mú. Nínú rúdurùdu yẹn ni Darren McCarty ti rí Lemieux, ó sì lọ bá a. Lemieux kò jà padà. Ó wólẹ̀, ó fi ọwọ́ bo orí, ó ká jọ. Ìjàpá ni Detroit sọ ọ́ láti ọjọ́ náà, orúkọ náà kò sì kúrò lára rẹ̀ mọ́. Patrick Roy, aṣọ́lé Colorado, sáré jáde láti ilé rẹ̀ wá gba ìjà, ni Mike Vernon, aṣọ́lé Detroit, bá lọ pàdé rẹ̀ láàárín pápá, àwọn aṣọ́lé méjì tí ẹrù wọn tó ti alágbàárù wá ń lura wọn. Wọn kò lé McCarty jáde. Nígbà tí eré náà di àfikún àkókò, òun náà ló jẹ góòlù tó parí rẹ̀, 6 sí 5. Oṣù kẹfà ọdún yẹn ni Detroit gba ife-ẹ̀yẹ Stanley fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 1955. Mo mọ àwọn ará Detroit tí wọn kò lè sọ iye góòlù tí wọ́n jẹ nínú ìdíje àṣekágbá, àmọ́ wọ́n lè fi ìka tọ́ka sí ibi tí Lemieux ti wólẹ̀ lórí yìnyín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èrò mi níbí, bí inú bàbá yín kò tilẹ̀ ní dùn. Ìtàn pé ẹ̀ṣọ́ ń dáàbò boni ní àsọdùn nínú. McCarty gbẹ̀san Draper, bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ àgbọ̀n Draper ti fọ́ láti oṣù mẹ́wàá ṣáájú. Marty McSorley, tó gba iṣẹ́ Semenko tó sì bá Gretzky lọ sí Los Angeles, fi ọ̀pá gbá Donald Brashear lórí nínú eré kan ní Vancouver ní oṣù kejì ọdún 2000, ilé ẹjọ́ sì dá a lẹ́bi. Ta ló ń dáàbò bo ta lọ́jọ́ yẹn? Láti 1992, NHL ti fi ìyà kún ti ẹni tó bá dá ìjà sílẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ní òfin yẹn ló jẹ́ kí àwọn oníjàngbọ̀n rí ayé jẹ. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó dá mi lójú nínú rẹ̀ ju pé àwọn eléré fúnra wọn gbà á gbọ́, ara wọn sì balẹ̀ nígbà tí irú Semenko bá jókòó sí bẹ́ǹṣì wọn.

Ọmọ Yorùbá tí ẹ béèrè wà, ìlú yín níbẹ̀ ni wọ́n sì bí i sí. Jarome Iginla. Orúkọ yẹn, ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan ẹ ti mọ̀. Edmonton ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1977, St. Albert tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ló sì dàgbà sí; bàbá rẹ̀, Elvis Iginla, láti Nàìjíríà ló ti wá, Adékúnlé sì wà lára orúkọ ọmọ náà. Grant Fuhr, aláwọ̀ dúdú tó ń ṣọ́ ilé fún Oilers, ló ń wò bí àwòkọ́ṣe nígbà tó wà lọ́mọdé. Calgary Flames ló wá lọ ṣe balógun fún, ìyẹn ọ̀tá ìlú yín, torí náà ẹ má retí kí bàbá yín rẹ́rìn-ín sí i. Góòlù 625 nínú eré 1,554. Ní 2002, òun ni ọkùnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba wúrà ní Olympics ìgbà òtútù, ní 2010 òun ló fi pọ́ọ̀kì ránṣẹ́ sí Sidney Crosby fún góòlù tó gba wúrà fún Kánádà. Wọ́n yàn án sí ilé ìyìn họ́kì ní 2020.

Iginla kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì nílò ẹ̀ṣọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ja ìjà rẹ̀. Nínú ìdíje àṣekágbá 2004, eré kẹta, ní Calgary, òun àti Vincent Lecavalier ti Tampa Bay, ìràwọ̀ ikọ̀ méjèèjì, ju ìbọ̀wọ́ sílẹ̀ fún ara wọn. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Wọ́n sábà máa ń sanwó fún ẹlòmíràn kó bá wọn ṣe é ni. Lọ́jọ́ kan náà ó tún jẹ góòlù, ó sì fi òmíràn ránṣẹ́. Gordie Howe, ìràwọ̀ eléré àtijọ́ kan, ni wọ́n fi ń sọ orúkọ ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn nígbà tí ẹnì kan bá ṣe wọ́n pọ̀ nínú eré kan. Calgary borí lọ́jọ́ náà, Tampa Bay gba ife náà nínú eré keje. Àwọn ará Calgary ṣì ń sọ̀rọ̀ ìjà yẹn bí ẹni pé àwọn ló gba ife.

Kí ó tó di ti Iginla, ilẹ̀kùn ẹ̀ṣọ́ ni ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú gbà wọ NHL. Val James gba ibẹ̀ wọlé ní Buffalo, pẹ̀lú gbogbo èébú tí èrò ìwòran ń bú u nítorí àwọ̀ rẹ̀. Brashear náà gba ibẹ̀, Laraque tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Haiti náà gba ibẹ̀. Rumun Ndur, tí wọ́n bí ní Zaria, òun náà gba ibẹ̀. Adènà ni, kò pẹ́ nínú NHL. N kò gbà pé èèṣì ni. Àwọn tó ń yan eléré rí ara dúdú tó síngbọnlẹ̀, wọ́n sì rò pé àwọn ti mọ iṣẹ́ tó yẹ é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó korò. Derek Boogaard kò ju ẹni ọdún 28 lọ nígbà tó kú ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 2011, ọtí àti egbòogi apàrora ló para pọ̀ pa á. Góòlù mẹ́ta ló jẹ nínú eré 277, síbẹ̀ Minnesota fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Oṣù kẹjọ ọdún kan náà, Rick Rypien kú, Wade Belak kú, àwọn náà ń ja irú ìjà yìí. Probert ti kú ní ọdún tó ṣáájú, ẹni ọdún 45. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Boston yẹ ọpọlọ Probert àti ti Boogaard wò, wọ́n sì bá àrùn CTE níbẹ̀, èyí tí ìkọlù léraléra máa ń fà sí ọpọlọ. Wọn kì í lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ àfi lẹ́yìn ikú. Ní 2018, NHL bá àwọn eléré àtijọ́ tó lé ní 300 parí ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìkọlù orí yìí pẹ̀lú nǹkan bíi mílíọ̀nù 19 dọ́là, kò sì gbà pé òun jẹ̀bi. Ẹni tó bá ń ròyìn Boogaard tí kò dé ibi egbòogi, ìdajì ìtàn ló sọ. Mo rò pé ó wà lára ohun tó ń pa àwọn arúgbó yẹn lẹ́kún: wọ́n wà lára àwọn tó dìde dúró tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Lónìí, iṣẹ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Lẹ́yìn tí NHL ti ilẹ̀kùn pa fún odindi sáà 2004 sí 2005, wọ́n padà dé pẹ̀lú òfin tó mú eré yá àti òté lórí iye tí ikọ̀ lè fi san owó oṣù, kò sì sí àyè mọ́ fún ẹni tó kàn ń jókòó de ìjà. Ẹ lè wo eré mẹ́ta tàbí mẹ́rin báyìí láìrí ẹ̀ṣẹ́ kan. Àmọ́ ẹ má sọ pé ó ti kú. Matt Rempe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Rangers ní oṣù kejì ọdún 2024 pẹ̀lú ìjà ní kété tí wọ́n ju pọ́ọ̀kì sílẹ̀, àwọn èrò sì hó yèè. Ní oṣù kejì ọdún 2025, Kánádà àti Amẹ́ríkà pàdé ní Montreal, ìjà mẹ́ta wáyé láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án àkọ́kọ́.

Ti ọmọ yín ló kù, òun ló sì rọrùn jù. Ohun tí ó ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n kọ́ ni yóò lọ gbá. Láti 2013 ni Hockey Canada ti fòfin de fífi ara kọlu ara fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13, ọmọ tó bá sì ju ẹ̀ṣẹ́, wọ́n á lé e jáde. Akoto tó ní irin tó bo gbogbo ojú ni wọn yóò fi sí i lórí, àti ohun ìdáàbòbò ọrùn. Ẹ má jẹ́ kí ó tàn yín pé àwọn ọ̀rẹ́ òun kì í wọ ti ọrùn. Owó ni kí ẹ múra sílẹ̀ fún, torí ẹrù họ́kì wọ́n. Ẹ béèrè nípa KidSport ní Edmonton níbẹ̀, wọ́n ń ran àwọn òbí lọ́wọ́ lórí owó ìforúkọsílẹ̀. Ẹ ra bàtà onírin àlòkù, ẹsẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kì í dúró lójú kan, kí ẹ sì fi owó tó bá ṣẹ́ kù ra akoto tuntun. Kí ẹ sì ti bá bàbá rẹ̀ ṣàdéhùn báyìí lórí ẹni tí yóò máa gbé e lọ, torí aago mẹ́fà ìdájí ọjọ́ Sátidé ni wọ́n sábà máa ń fún àwọn ọmọdé ní pápá, nínú oṣù kìíní, ní Edmonton.